Àwọn ojú funfun lára ìfun ehoro

Ìyá kan ní Kàbà ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ehoro ni mò ń sìn lẹ́yìn ilé mi, wọ́n tó ogójì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pa akọ kan tó ti pé oṣù márùn-ún. Ó ń jẹun dáadáa, kò gbẹ, kò yàgbẹ́ gbuuru. Àfi ìgbà tí mo ń yọ ìfun rẹ̀ ni mo rí àwọn ojú funfun pẹlẹbẹ lára ìfun kékeré, bí ẹni pé wọ́n lẹ owó ẹyọ mọ́ ọn. Níbi tí ìfun yẹn ti fẹ́ wọ inú àpò ńlá tó kún fún ìgbẹ́, ibẹ̀ wú roboto, ó sì le díẹ̀. Nǹkan funfun kan tún wà ní ìdí àpò náà, ó gùn bí ìka ọwọ́, ó ki. Aládùúgbò mi ní àrùn ni, kí n má jẹ ẹ́. Mo sin ín. Ọmọ mi obìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn wá délé lópin ọ̀sẹ̀, ó ní kì í ṣe àrùn, pé ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní M wà. Kí ni sẹ́ẹ̀lì yìí? Báwo ló ṣe rí? Ṣé mo kàn fi ẹran mi ṣòfò ni?”

Ìyá mi, òkun o. Òtítọ́ ni ọmọ yín sọ. Bí nǹkan bá rí bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ara ehoro yín dá, ẹran rẹ̀ sì ṣe é jẹ. Ó dùn mí pé ẹ sin ín. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ bá aládùúgbò yín jà, nítorí àrùn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn gan-an ló máa ń fìdí kalẹ̀ sí, n ó sì sọ bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀. Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ gbà mí láyè kí n mú yín wọ inú ìfun náà. Nínú gbogbo ẹran tí mo ti gbé sábẹ́ maikirosíkópù, n kò tíì rí ìfun tó wù mí wò tó ti ehoro.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú lásán lè rí. Àpò ńlá tó kún fún ìgbẹ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní caecum. Òun nìkan máa ń gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ohun tó wà ní ọ̀nà oúnjẹ ehoro. Ibẹ̀ ni yúnyún, ewé ànàmọ́ àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń fún wọn ti ń kan, tí àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń bá a tú u palẹ̀. Ibi tó wú roboto lẹ́nu àpò náà ń jẹ́ sacculus rotundus, ìyẹn ni pé àpò kékeré roboto ní èdè Látìn. Ọ̀pá funfun tó wà ní ìdí rẹ̀ ni appendix. Ti ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́, ti ehoro tó ti dàgbà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí kó lé díẹ̀, ògiri rẹ̀ sì nípọn gan-an. Àwọn ojú funfun pẹlẹbẹ ń jẹ́ orúkọ Johann Conrad Peyer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 1677, nítorí náà ojú Peyer ni n ó máa pè wọ́n. Bí ẹ bá tún pa òmíràn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n wà. Òdìkejì ibi tí awọ ọlọ́ràá ti so ìfun mọ́ ẹ̀yìn ni ẹ máa bá wọn.

Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ojú Peyer, àpò roboto àti appendix, ohun kan náà ló kún inú wọn: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn ọmọ ogun ara, tí wọ́n kóra jọ ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀. Ohun tó mú kí ó funfun tó sì le lọ́wọ́ nìyẹn.

(Ehoro inú igbó tí àwọn ọdẹ wa ń pa kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú kéèjì yín. Ti igbó wa, Lepus ni. Tiyín, Oryctolagus cuniculus ni, láti ilẹ̀ Spain àti Portugal ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ti inú kéèjì ni mò ń sọ.)

Bí ẹ bá la ìfun kékeré gun, tí ẹ fi omi oníyọ̀ díẹ̀ ṣan án, ẹ máa rí i pé inú rẹ̀ dà bí aṣọ àrán. Irun àrán náà ni àwọn ọmọ ìka wínníwínní tí gíga wọn kò ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Láàárín wọn, àwọn kòtò tóóró rì wọ inú ẹran ìfun, inú kòtò wọ̀nyí sì ni wọ́n ti ń bí gbogbo sẹ́ẹ̀lì tuntun. Èyí tí wọ́n bí nísàlẹ̀ á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó bá dé ṣóńṣó ọmọ ìka, á já bọ́ sínú oúnjẹ, á bá ìgbẹ́ lọ. Gbogbo ìrìn àjò yẹn kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ìbòrí inú ìfun tí ehoro yín fi ń jẹun lónìí, òmíràn ni yóò máa lò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Agboúnjẹ ló pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbòrí yìí. Ó dúró ṣánṣán bí òpó, orí rẹ̀ tó kọjú sí oúnjẹ sì ní irun tó tò tẹ̀lé ara wọn bí irun búrọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lórí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Gíga irun kan tó máíkírọ́ọ̀nù 1, ìyẹn bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, tí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀. Lára irun wọ̀nyí ni àwọn èròjà tó ń gé ṣúgà àti amúaradàgbà sí wẹ́wẹ́ so mọ́. Lórí wọn, ìbora kan tún wà tó rí fúlẹ́fúlẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí fara kan sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Lọ́rùn, sẹ́ẹ̀lì kan lẹ̀ mọ́ èkejì pinpin, bí igi ọgbà tí wọ́n fi ìtàkùn dì. Omi lè rọra gba àárín wọn. Ohun tó bá tó kòkòrò kò lè gbà á.

Àwọn oníkun wà láàárín àwọn agboúnjẹ. Wọ́n rí bí ife, ikun ló kún inú wọn, wọ́n á sì máa tú u jáde kó lè bo ògiri ìfun. Àwọn kan tún wà káàkiri tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tọ́ oúnjẹ wò, wọ́n á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní ìdí kòtò, ẹ máa bá sẹ́ẹ̀lì Paneth. Gustav Schwalbe ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1872, Joseph Paneth ló ṣàlàyé rẹ̀ kíkún lọ́dún 1888. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nítorí kò ṣòro láti dá mọ̀. Ìlàjì òkè rẹ̀ kún fún hóró hóró tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi aró eosin rẹ ẹ́, á pọ́n bí aṣọ ìpo tí wọ́n ń hun ní Bùnú. Nínú hóró wọ̀nyí ni lysozyme wà, èròjà apakòkòrò kan náà tó wà nínú omijé wa àti nínú funfun ẹyin. Ajá kò ní sẹ́ẹ̀lì Paneth, ológbò kò ní. Ehoro ní in.

Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyí, bí kòkòrò bá dé, dídí ọ̀nà mọ́ ọn ni wọ́n ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì M ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Lórí ojú Peyer, irun àrán kì í hù kárí. Àwọn gegele kan máa ń yọ orí jáde láàárín àwọn ọmọ ìka, bí àpáta ṣe ń yọ láàárín igbó bí èèyàn bá ń ti Kàbà lọ sí Ìsánlú. Abẹ́ gegele kọ̀ọ̀kan ni ìṣùpọ̀ ọmọ ogun kan wà. Awọ tó bo gegele yàtọ̀ sí ti ibi yòókù, nítorí oníkun kò pọ̀ lórí rẹ̀, ikun tó bò ó sì fẹ́lẹ́. Àárín àwọn agboúnjẹ tó wà níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì M jókòó sí. Nínú eku àti nínú ènìyàn, wọn kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn sẹ́ẹ̀lì orí gegele. Nínú ehoro, wọ́n lè tó ìdajì. Ìdí rèé tí ẹni tó bá fẹ́ mọ sẹ́ẹ̀lì yìí dunjú fi máa ń yà lọ sọ́dọ̀ ehoro.

Maikirosíkópù lásán kò lè fi í hàn yín dáadáa. Èyí tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló lè ṣe é. Bí ẹ bá fi ìyẹn wo gegele látòkè, ẹ máa rí i bí oko tí wọ́n ro ní àbùlẹ̀ àbùlẹ̀. Ojú àwọn agboúnjẹ kún fún irun tó gún régé. Ti sẹ́ẹ̀lì M lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn, irun tirẹ̀ kúrú, kò gún, kò pọ̀, níbòmíràn ó kàn rí bí awọ tó ṣẹ́po. Kò ní ìbora bí ẹ̀gbọ̀n òwú tó nípọn, èròjà tó ń gé oúnjẹ kò sì tó nǹkan lára rẹ̀. Òòfo ojú yìí ni oúnjẹ àti kòkòrò ń fara kàn tààrà.

Ẹ wá jẹ́ ká wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Ìsàlẹ̀ sẹ́ẹ̀lì M kò tẹ́ bí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó jin wọ inú ara rẹ̀ lọ, bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé. Ihò yẹn ni ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ló sì ń gbé inú ọ̀ọ̀dẹ̀ náà, nígbà mìíràn ẹyọ kan, nígbà mìíràn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n fún ara wọn pọ̀ síbẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì náà ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kó lè fàyè gbà wọ́n, títí kan kókó inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nucleus. Ohun tó kù lókè kò ju òrùlé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ láàárín oúnjẹ tó ń kọjá àti ọmọ ogun tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, mo dúró lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo rántí àwọn oníbodè ayé àtijọ́ tí ilé wọn wà lẹ́nu ògiri ìlú gan-an, tí wọ́n á gba àlejò sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tí wọ́n á bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ kó tó lè gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Iṣẹ́ oníbodè náà ló ń ṣe. Bí kòkòrò tàbí ègé nǹkan kan bá balẹ̀ sórí òrùlé yẹn, sẹ́ẹ̀lì M á fi awọ ara rẹ̀ dì í mọ́ra, á sọ ọ́ di àpò kékeré, á gbé e kọjá inú ara rẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí agboúnjẹ bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, ó ní ibi ìlọ̀ púpọ̀ nínú tí yóò ti lọ̀ ọ́ kúnná. Sẹ́ẹ̀lì M kò ní irú ibi ìlọ̀ bẹ́ẹ̀ tó pọ̀. Bó ṣe gba àlejò lójú òde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fà á lé àwọn tó wà nínú ilé lọ́wọ́. Lọ́dún 1977, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Owen fi èròjà kan tó ṣe é tọpasẹ̀ sínú ìfun eku, láàárín wákàtí kan ó ti bá a ní abẹ́ sẹ́ẹ̀lì M, láàárín àwọn ọmọ ogun.

Orúkọ yẹn, M, láti ọwọ́ Owen kan náà àti Jones ló ti jáde, nígbà tí wọ́n ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì náà nínú ìfun ènìyàn lọ́dún 1974. Ìṣẹ́po kéékèèké tó wà lójú rẹ̀, microfold ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní 1974 ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ṣe déédéé sí ehoro. Lọ́dún 1965, Schmedtje ti ń kọ̀wé nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì aláìlẹ́gbẹ́ tó wà lórí gegele appendix ehoro. Lọ́dún 1973, Bockman àti Cooper fi hàn pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń gbé nǹkan mì nínú appendix ehoro, nínú ojú Peyer eku, àti nínú àpò kan tó wà nítòsí ihò ìdí adìyẹ. Nínú kéèjì bíi tiyín ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní okùn inú tó ń mú un dúró bí igi àjà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bo ara, keratin ni okùn tiwọn, ẹbí ohun tí wọ́n fi ṣe èékánná àti irun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń so ẹran pọ̀ nísàlẹ̀, vimentin ni tiwọn. Àwọn onímọ̀ kò retí pé àwọn á bá vimentin lára sẹ́ẹ̀lì ìbòrí ìfun. Lọ́dún 1992, àwọn olùwádìí rí i pé sẹ́ẹ̀lì M ehoro ní okùn méjèèjì. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ yọ sẹ́ẹ̀lì M ehoro láàárín àwọn yòókù, vimentin ni wọ́n ń wá. Ti eku kò ní àmì yìí.

Kí ló wá dé tí ara á máa ṣílẹ̀kùn fún ohun tó lè pa á? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ehoro ṣe ń kó ohun ìjà jọ. Àwa ènìyàn ń to oríṣiríṣi áńtíbọ́dì wa, ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà, láti inú mùdùnmúdùn egungun, jálẹ̀ ayé wa. Ehoro kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ìlànà díẹ̀ fún ṣíṣe áńtíbọ́dì ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn ìbí rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì á kóra jọ sínú appendix, àpò roboto àti ojú Peyer, wọ́n á máa pín sí méjì méjì kíákíá, wọ́n á sì máa yí ìlànà wọn padà lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí ehoro á fi ní áńtíbọ́dì fún àrùn tí kò tíì bá pàdé rí. Ibi tí ẹ rò pé ó ṣàìsàn yẹn ni ilé alágbẹ̀dẹ rẹ̀.

Iná ilé alágbẹ̀dẹ yẹn kò sì ń jó láìsí kòkòrò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2004, wọ́n dí appendix ọmọ ehoro láti ìgbà tí wọ́n bí i, kí kòkòrò má bàa wọ ibẹ̀. Ìṣùpọ̀ ọmọ ogun kò dàgbà níbẹ̀. Wọ́n wá ń fi kòkòrò inú ìfun sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bacteroides fragilis àti Bacillus subtilis ni wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi méjèèjì sí i pa pọ̀, ìṣùpọ̀ náà á hù.

Ẹ ti máa ń rí ehoro tó tẹrí ba sábẹ́ ara rẹ̀ ní ìdájí, tó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tààrà láti ìdí. Kì í ṣe ìwà ìdọ̀tí. Oúnjẹ tó ti kan nínú àpò ńlá ni, kòkòrò ọ̀rẹ́ ara ló kún inú rẹ̀, ó sì tún ń gba iwájú àwọn oníbodè kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Abo ehoro náà máa ń fi ìgbẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìtẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Nítorí náà, bí ẹ bá ń tún ìtẹ́ ṣe, ẹ kó èyí tó tutù tó sì ń rùn, ẹ má fi oògùn apakòkòrò fọ ibẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀.

Wàyí o, sórí ẹ̀rù aládùúgbò yín. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ògiri yìí lanu, àwọn olè sì mọ̀. Irú kòkòrò E. coli kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ehoro, RDEC-1, sẹ́ẹ̀lì M ló kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ kó tó tàn ká inú ìfun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i lọ́dún 1983. Kòkòrò onígbáméjì pàápàá, wọ́n ti rí i tí sẹ́ẹ̀lì M ehoro ń gbé e wọlé. Ìfun ehoro tí wọ́n fi òwú so lápá méjì ni Sambhu Nath De lò ní Calcutta lọ́dún 1953 láti fi bí onígbáméjì ṣe ń fa omi jáde lára hàn, ẹ̀kọ́ tó wúlò fún gbogbo ayé títí dòní.

Èyí tó kàn yín jù ni Yersinia pseudotuberculosis. Ẹnu sẹ́ẹ̀lì M ló ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àpò roboto àti appendix ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ẹ̀yin náà lè fi ojú àti ọwọ́ yín yà á sọ́tọ̀. Nínú ehoro tó dá, ojú Peyer tẹ́, eteetí rẹ̀ dán, àwọ̀ rẹ̀ rí bákan náà yí ká. Àpò roboto le níwọ̀nba, ó ń dán, bí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ là á, ẹran funfun ni ẹ máa rí. Bí àrùn bá wà níbẹ̀, kókó kókó ni ẹ máa bá, tó ga ju ara yòókù lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá là á, nǹkan bíi wàrà tó dì á jáde. Kókó bẹ́ẹ̀ á sábà wà lára ọlọ inú pẹ̀lú, ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ́n dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, á sì wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ehoro náà á ti gbẹ kí ẹ tó pa á. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín, ẹ wa ihò jíjìn sin ín, nítorí ó lè ran ènìyàn. Ti inú ìwé yín kò jọ ọ́ rárá.

Àrùn kejì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni coccidia, pàápàá nígbà òjò. Kòkòrò Eimeria ni, inú àwọn agboúnjẹ gan-an ni ó ń pọ̀ sí, á bẹ́ wọn, irun àrán á sì pá. Ọmọ ehoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ló ń pa jù. Ẹyin rẹ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ níbi tó tutù kó tó gbó. Kéèjì tó ga nílẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wáyà, tí ìgbẹ́ ń já bọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó sàn ju oògùn lọ. Bí funfun tótòtó bá wà lára ẹ̀dọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nìyẹn.

Mo bẹ̀ yín lórí ohun kan. Bí ehoro yín bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má tú kápúsù ampisílíìnì tàbí amọ́síílíìnì tí ènìyàn ń lò sínú omi rẹ̀. Mo ti rí ilé tí gbogbo ehoro inú rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan nítorí èyí. Oògùn tí wọ́n bá gba ẹnu lò yìí á pa àwọn kòkòrò ọ̀rẹ́ ara inú àpò ńlá, èyí tí kò dára, Clostridium spiroforme, á ráyè gbilẹ̀, oró rẹ̀ á sì pa ẹran. Ẹ pe dókítà ẹran ọ̀sìn tó wà nítòsí yín.

Fún ọmọ yín. Bó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹ jẹ́ kó wà nílé lọ́jọ́ tí ẹ máa tún pa òmíràn, nítorí ìfun kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹran bá ti kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbòrí á ti máa ṣí kúrò. Kó gé ègé tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láti ara appendix, òmíràn láti ara ojú Peyer, kó rọra fi omi oníyọ̀ ṣan ìgbẹ́ kúrò láìfi ọwọ́ ra á. Kó rì wọ́n sínú formalin ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n ti pò mọ́ èròjà tí kò jẹ́ kó kan, kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ègé yẹn, kó sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìta gbangba ni kó ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Kó má lo omi tó ní kíkan nínú fún èyí tó bá fẹ́ fi wo Paneth, nítorí kíkan máa ń yọ́ àwọn hóró pupa yẹn dànù.

Ní yàrá ìwádìí, kí wọ́n gé e ní ìbú ògiri ìfun, kó gba àárín ojú Peyer kọjá, ní nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 5, kí wọ́n fi aró hematoxylin àti eosin rẹ ẹ́. Kó kọ́kọ́ wá gegele láàárín àwọn ọmọ ìka, kó tó lo lẹ́ńsì tó lágbára. Níbi tí ìbòrí gegele bá ti rí bí ẹni pé ihò ihò wà nínú rẹ̀, tí àwọn kókó dúdú roboto ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì fún pọ̀ sínú ihò náà dípò kí wọ́n wà nísàlẹ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ sẹ́ẹ̀lì M ló ń wò. Ti appendix ni kó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, gegele pọ̀ lórí rẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó rí i.